Zigong, ìlú tí iyọ̀ kọ́: ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yà sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Chengdu ní Ṣáínà ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ìsinmi ọjọ́ méjì, mo sì fẹ́ lo ọjọ́ náà ní Zigong. Àwọn kan ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju fáktọ́rì àti iyọ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní kí n lọ wo àtùpà aláràbarà àti egungun dáínásọ̀. Kí ni ìtàn ìlú náà gan-an, ibo ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ dé?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni tọ̀tún-tòsì wọn sọ, wọn ò kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Iyọ̀ ló bí àwọn fáktọ́rì yẹn. Owó iyọ̀ ló gbé ayẹyẹ àtùpà ró. Gáàsì tó ń bá omi iyọ̀ jáde ló sì mú kí wọ́n hú egungun dáínásọ̀ kan. Ẹ má wá ṣe bí ọ̀pọ̀ àlejò tí wọ́n á kọ́kọ́ sáré lọ wo dáínásọ̀, wọ́n á fi alẹ́ ya fọ́tò nídìí àtùpà, wọ́n á wá yọjú sí kànga iyọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Ìdí kànga ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí kànga kò rí Zigong.

Gúúsù ìpínlẹ̀ Sichuan ni ìlú náà wà, nǹkan bí 200 kìlómítà sí Chengdu. Ó jìnnà sí òkun, iyọ̀ òkun kò sì rọrùn láti gbé débẹ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n òkun kan ti wà lórí ilẹ̀ yẹn rí, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn. Òkun náà gbẹ, àpáta bo iyọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi iyọ̀ àti gáàsì sì há sábẹ́ àpáta. Iṣẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe láti nǹkan bí 2,000 ọdún ni bí wọ́n ṣe máa fa omi yẹn jáde.

Kànga fífẹ̀ tí èèyàn lè bọ́ sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́, ní agbègbè Fushun, nígbà ìjọba àwọn Han. Irú kànga bẹ́ẹ̀ kì í jìn púpọ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya lu àwọn òṣìṣẹ́, omi lásán á sì máa ṣàn wọ inú omi iyọ̀. Nǹkan bí ọdún 1040 sí 1049, nígbà ìjọba àwọn Song, ni ọgbọ́n tuntun dé Sichuan: wọ́n dín ẹnu kànga kù títí tí kò fi ju ẹnu abọ́ lọ, wọ́n ń fi irin lu ihò náà wọlẹ̀, wọ́n sì ń ki ọparun oníhò bọ inú rẹ̀ kí omi òkè má baà dà sí i. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún ní láti wọ inú kànga mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nísàlẹ̀, láti òkè ni wọ́n ti ń fi okùn ṣe é.

Ọgbọ́n yìí ló bí kànga Shenhai, ní ẹkùn Da'an, níbi tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ọdún 1823 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú, ó di ọdún 1835 kí wọ́n tó parí. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ 1,001.42 mítà, òun sì ni kànga àkọ́kọ́ tí a mọ̀ láyé tó jìn kọjá 1,000 mítà. Ọdún 24 lẹ́yìn rẹ̀ ni Edwin Drake tó lu kànga epo rẹ̀ tó lókìkí ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ò sì ju mítà 21 lọ. Ẹ ronú sí i: mítà ẹgbẹ̀rún kan, ọdún méjìlá ó lé, láìsí ẹ́ńjìnnì kankan.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ apá òkè, wọ́n á to òkúta tí wọ́n lu láàárín lé ara wọn níbẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má baà ya. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé igi gígùn kan dábùú bíi jàńgírọ́fà. Irin ńlá tí ẹnu rẹ̀ mú á wà ní ìkángun kan, tí wọ́n fi okùn ọparun so kọ́ sínú ihò. Àwọn òṣìṣẹ́ á wà ní ìkángun kejì. Wọ́n á fò lé orí igi náà, irin á gòkè. Wọ́n á fò kúrò, irin á já lulẹ̀, á fọ́ àpáta. Ẹnì kan á dúró lẹ́nu kànga tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa yí okùn díẹ̀díẹ̀ lọ. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ onítọ̀hún o. Bí irin bá ń bà sójú kan náà, ihò kò ní rí roboto, á wọ́, irin á sì há sínú rẹ̀. Wọ́n á da omi sí i kí àpáta tó fọ́ lè di ẹrẹ̀, wọ́n á yọ irin, wọ́n á wá sọ ọ̀pá ọparun kan sísàlẹ̀ tí awọ wà ní ìdí rẹ̀. Bí ọparun náà bá ń lọ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á ti awọ sókè, á kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fà á bọ̀, ìwúwo ẹrẹ̀ á tẹ awọ náà pa dé. Irú ọparun aláwọ yìí, tó tún gùn sí i, ni wọ́n fi ń fa omi iyọ̀ nígbà tí kànga bá ti parí.

Iṣẹ́ tó lè gba ọdún mẹ́wàá, wàhálà ò ní ṣàì wọ̀ ọ́. Okùn lè já kí irin balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kànga. Òkúta lè ya dí ihò. Omi lásán lè máa jò wọlé láti ara àpáta òkè, kí omi iyọ̀ wá fúyẹ́ débi pé iná tí wọ́n fi máa sè é á pọ̀ ju iyọ̀ tí wọ́n máa rí lọ. Oríṣiríṣi ìwọ̀ àti ẹ̀mú ni wọ́n rọ láti fi yọ ohun tó já sínú ihò tí ojú ò lè rí. Ọwọ́ tó di okùn mú ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ti omi tó ń jò, wọ́n á gbẹ́ inú ìtì igi jáde, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wé oríkèé wọn, wọ́n á fi òróró igi tung tí wọ́n pò mọ́ ẹfun sísun rẹ́ ẹ, wọ́n á wá kì í wọ kànga. Àpòpọ̀ yìí máa ń gan nínú omi. Òun kan náà ni wọ́n fi ń rẹ́ oríkèé ọ̀pá ọparun tó ń gbé omi iyọ̀ gba orí òkè àti àfonífojì lọ sí ilé ìsè.

Bí ẹ bá dé Shenhai, ẹ gbójú sókè wo òpó onígi tó wà lórí kànga. Tianche ni wọ́n ń pè é. Ti Shenhai ga tó nǹkan bí mítà 18, kékeré sì ni lára wọn. Èyí tó ga jù lọ, ti kànga Dade tí kò sí mọ́, ga ní mítà 113. Ìtì igi ni wọ́n so pọ̀ pẹ̀lú okùn ọparun láìkan ìṣó. Kì í ṣe fún ẹwà ni wọ́n ṣe gbé e ga bẹ́ẹ̀. Bí ọparun tó ń fa omi bá ṣe gùn tó ni omi tó ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣe ń pọ̀ tó, òpó náà sì gbọ́dọ̀ ga tó láti fà á yọ tán kúrò lẹ́nu kànga. Láti orí òpó, okùn á wá sórí àgbá ńlá tí àwọn ẹfọ̀n ń yí ká. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n yìí sọ́kàn, a máa tó padà sí i.

Nígbà tí kànga Shenhai dé ìsàlẹ̀, omi iyọ̀ dúdú tó tó nǹkan bí mítà kúbíìkì 14, àti gáàsì bíi mítà kúbíìkì 8,500, ló ń tú jáde lójúmọ́. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, nítorí ohun tí wọ́n máa sè àti iná tí wọ́n máa fi sè é ti ojú ihò kan náà wá. Wọ́n gbé àgbá onígi dé ẹnu kànga láti ya gáàsì kúrò lára omi, ọ̀pá ọparun sì gbé gáàsì náà lọ sábẹ́ agbada.

Títí di òní ni wọ́n ń se iyọ̀ níbẹ̀ lójú àlejò. Ẹ dúró ti agbada kan, kí ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ kọjá. Omi iyọ̀ tó kọ́kọ́ wọ agbada kì í mọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ẹrẹ̀. Bó bá ti gbóná dáadáa, alásè á da omi ẹ̀wà sóyà lílọ̀ sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìfófòó aláwọ̀ ilẹ̀ á léfòó, á so pọ̀ ní ìṣù-ìṣù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iyọ̀ àti ooru mú kí ohun tó wà nínú sóyà dì, bó sì ti ń dì ni ó ń gbá ìdọ̀tí mọ́ra. Wọ́n á fi asẹ́ kó o kúrò, wọ́n á tún da sóyà sí i, títí omi á fi mọ́ gaara. Bí omi bá ti fà kù, wọ́n á ju iyọ̀ díẹ̀ tó ti gbẹ sí i kí hóró tuntun lè rí ohun dì mọ́ lára. Èyí ṣe pàtàkì, torí bí wọn ò bá ju ú sí i, iyọ̀ náà lè pẹ́ kó tó dì, hóró rẹ̀ ò sì ní dọ́gba. Ní ìparí, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ọparun, wọ́n á da omi iyọ̀ gbígbóná tó ti kún fọ́fọ́ lé e lórí. Omi yìí kò lè yọ́ iyọ̀ mọ́ nítorí ó ti kún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fọ ohun kíkorò kúrò lára rẹ̀. Ohun kíkorò tó kán sílẹ̀ yẹn náà kì í ṣòfò: òun ni wọ́n fi ń mú wàrà sóyà dì ní Fushun, oúnjẹ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iyọ̀, tó wà láàárín ìlú. Ọdún 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀, inú gbọ̀ngán Xiqin ni wọ́n sì fi í sí. Àwọn oníṣòwò láti ìpínlẹ̀ Shaanxi, tí iyọ̀ sọ di ọlọ́rọ̀ ní Sichuan, ló kọ́ gbọ̀ngán náà láàárín ọdún 1736 sí 1752. Òrùlé rẹ̀ nìkan tó wò: ìgun rẹ̀ ń yọ lérí ara wọn, igi gbígbẹ́ oníwúrà sì wà níwájú pèpéle ibi eré. Bí ẹ bá rí owó tí wọ́n ná sórí gbọ̀ngán ìpàdé lásán, ẹ ó mọ irú èrè tó wà nínú iyọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde, ẹ lọ wo yàrá irin ìṣẹ́ kànga: onírúurú irin alùhò, ìwọ̀ àti ẹ̀mú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà níbẹ̀. Èrò kì í sábà pọ̀ nídìí wọn, bẹ́ẹ̀ ní tèmi o, àwọn ló níye lórí jù nínú ilé náà.

Ogun ló sọ iyọ̀ Zigong di wúrà, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 1853, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Taiping gba Nanjing, wọ́n sì dí odò Yangtze. Iyọ̀ òkun tó máa ń ti ìlà-oòrùn gòkè lọ sí Hubei àti Hunan kò lè kọjá mọ́. Ìjọba wá gbà kí iyọ̀ Sichuan lọ bọ́ àwọn ìpínlẹ̀ yẹn. Ọjà ṣí sílẹ̀ lójijì, wọ́n ń lu kànga tuntun kiri, àwọn ìdílé bíi ti Wang Langyun sì di olówó tí ìjọba pàápàá ń wojú wọn. Ìgbà kejì ni ìgbà tí Japan gba etíkun Ṣáínà lẹ́yìn ọdún 1937. Iyọ̀ òkun tún dáwọ́ dúró, gbogbo ojú tún yí sí Zigong. Nínú ogun yẹn, lọ́dún 1939, ni wọ́n so àgbègbè kànga méjì, Ziliujing àti Gongjing, pọ̀ di ìlú kan, tí wọ́n sì mú orúkọ rẹ̀ láti ara àwọn méjèèjì.

Fáktọ́rì tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ń sọ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ìjọba ń kó ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ sí àárín ilẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ogun. Ilé iṣẹ́ irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ alùhò dé Zigong lọ́dún 1965, Dongfang Boiler, tó ń ṣe ìkòkò ńláńlá fún ilé iṣẹ́ mànàmáná, tẹ̀ lé e lọ́dún 1966. Ẹ lè rí wọn látẹ̀gbẹ́ títì, kò pọn dandan kí ẹ yà.

Dáínásọ̀ wà ní Dashanpu, ní ẹkùn Da'an kan náà tí Shenhai wà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gáàsì ń tẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, egungun tó ti di òkúta ń jáde lọ́pọ̀ yanturu. Lọ́dún 1985, Dong Zhiming àti Tang Zilu sọ ọ̀kan nínú wọn ní Gasosaurus constructus, ní ìrántí ilé iṣẹ́ gáàsì náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1987, orí ibi tí wọ́n ti hú egungun náà gan-an ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn egungun tí wọ́n tò dúró nínú gbọ̀ngán òkè tán àsìkò yín. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n fi egungun sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, itan lórí ìhà, ọrùn lábẹ́ ìrù, bó ṣe wà nílẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 160 ọdún sẹ́yìn. Ẹ tún wá Shunosaurus: ìpẹ̀kun ìrù rẹ̀ ní kùmọ̀, ohun tí kò wọ́pọ̀ lára dáínásọ̀ ọlọ́rùn gígùn.

Àtùpà ńkọ́? Ayẹyẹ ńlá ti òde òní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964, àyíká ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ló sì máa ń gbóná jù. Bí ẹ bá lọ nígbà mìíràn, iná lè má pọ̀ tó èyí tí ẹ rí nínú fọ́tò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà tí ẹ bá súnmọ́ ọn. Wọ́n ń ya àwòrán náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, wọ́n á tẹ wáyà irin tẹ̀ lé e, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á to gílóòbù sínú, wọ́n á lẹ aṣọ ṣẹ́dà mọ́ ọn ní abala-abala, wọ́n á wá fọ́n ọ̀dà sí i. Bí aṣọ kò bá fà le, á hunjọ, iná á sì fi í hàn. Bí gílóòbù bá súnmọ́ aṣọ jù, ojú kan á funfun, ìyókù á ṣókùnkùn. Àwọn kan kì í lo aṣọ rárá: abọ́ tánganran tí wọ́n fi okùn so pọ̀ ni ara dírágónì wọn, tàbí ìgò oògùn kéékèèké tí omi aláwọ̀ wà nínú. Àwọn oníṣẹ́ Zigong ló ti ṣe àtùpà ayẹyẹ fún ọgbà Longleat ní Gẹ̀ẹ́sì àti fún Franklin Square ní Philadelphia, torí náà àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún lè ti rí iṣẹ́ wọn láìmọ ìlú tó ti wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n tó ń yí àgbá kànga máa ń rẹ̀ tàbí kú, ẹran wọn sì pọ̀ débi pé àwọn alápatà lówó tó láti kọ́ gbọ̀ngán tiwọn, Huanhou, tó ti di ilé tíì báyìí. Ẹ jókòó mu tíì níbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iyọ̀, kò jìnnà. Ibi ẹran yẹn náà ni shuizhu niurou ti wá: ẹran pẹlẹbẹ tí wọ́n bọ̀ nínú omi ata, tí wọ́n wá da òróró gbígbóná lé ata gbígbẹ lórí rẹ̀. Èyí tó tún ṣàrà ọ̀tọ̀ ni huobianzi: wọ́n á fi ọ̀bẹ bó ẹran itan ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi iyọ̀ pa á, wọ́n á sá a, wọ́n á yan án díẹ̀díẹ̀ lórí iná ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, ìgbẹ̀yìn ni ata òróró. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ dẹ́rù bà yín. Iná rẹ̀ kì í lágbára jù ni wọ́n ṣe ń lò ó.

Ata ibẹ̀ mú o, kì í ṣe ata tiwa nìkan sì ni. Huajiao wà nínú rẹ̀, èso kékeré tí ń mú ètè kú. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó pọ̀, ẹ sọ “wēi là” fún alásè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “díẹ̀” ti Zigong ṣì lè mú yín làágùn.

Bí mo bá ní ọjọ́ méjì tiyín, báyìí ni màá ṣe é. Ọjọ́ kìíní: Shenhai láàárọ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iyọ̀ lọ́sàn-án, tíì ní Huanhou, àtùpà lálẹ́ bó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀. Ọjọ́ kejì: Dashanpu láàárọ̀ kùtùkùtù kí ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé tó dé, lẹ́yìn náà Xianshi, ìlú àtijọ́ lẹ́bàá odò Fuxi níbi tí ọkọ̀ ojú omi tó kó iyọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Bí àkókò bá kéré, Xianshi ni kí ẹ yọ, kì í ṣe Shenhai.

Ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá láti Chengdu kò gbà tó wákàtí kan láti ìgbà tí ojú irin tuntun ṣí ní ìparí ọdún 2023. Pásípọ́ọ̀tù yín ni tíkẹ́ẹ̀tì yín, òun náà ni òtẹ́ẹ̀lì máa gbà láti forúkọ yín sílẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ nínú fóònù kò tó. Bó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ ni ẹ sùn, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Ẹ so káàdì báńkì yín mọ́ Alipay tàbí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù, kí ẹ tó kúrò ní Chengdu, torí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké kì í ní ṣéńjì owó bébà. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú nǹkan padà wá fún àwọn ará ilé, ẹ ra ehoro lěng chī tù tí wọ́n dí sínú ọ̀rá: wọ́n ti dín omi rẹ̀ gbẹ pẹ̀lú ata àti huajiao, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, kì í sì í tètè bàjẹ́ lọ́nà.